Ta Ló Ń Ka Ìwé Oògùn?

Ẹni tó bá ń lo káàdì adójútòfò ìlera mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ lójú fèrèsé ilé oògùn: "Èyí ti tán, ẹ lọ rà á níta." Ẹni tí ìlànà ní kó san ìdá 10 péré nínú 100 owó oògùn á bá ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì, á sì san gbogbo rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti olùṣọ́ tó yẹ kó dènà èyí ni, wọ́n pọ̀. Òfin adójútòfò ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2022, tó rọ́pò ti 1999, gbé àmójútó ètò náà lé àjọ NHIA lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ MDCN ń bá dókítà tó ṣìwà hù wí, ìgbìmọ̀ PCN ń bójú tó àwọn apòògùn, àjọ NAFDAC ń lé ayédèrú oògùn. HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ló ń sanwó fún ilé ìwòsàn, òun náà ló ń fúnni ní kóòdù ìyọ̀ǹda kí ilé ìwòsàn ńlá tó tọ́jú ẹni tí wọ́n darí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣọ́? Bí kóòdù àti owó bá ti bára mu, fáìlì di pípadé. Bóyá oògùn bá àìsàn mu, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìṣirò.

Bí a ṣe ń sanwó gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ń gba iye kan lóṣooṣù lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ìbáà ṣàìsàn, ìbáà má ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iye náà fi wà ní 750 náírà. Èyí tí wọn ò bá ná, tiwọn ni. Kò dìgbà tí dókítà bá burú kí ọwọ́ rẹ̀ tó wúwo láti kọ oògùn. Ilé ìwòsàn ńlá ní tirẹ̀ ń gbowó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ara gbígbóná kan náà lè gba Paracetamol nìkan níbí, kó sì gba abẹ́rẹ́ Ceftriaxone ọjọ́ márùn-ún lọ́hùn-ún láìsí àyẹ̀wò kankan.

Ìjà tún wà lórí ẹni tó yẹ kó máa ta oògùn. Àwọn apòògùn ní ẹni tó kọ oògùn kò gbọ́dọ̀ tún jẹ́ ẹni tó ń tà á. Àwọn dókítà ní apòògùn mélòó ló wà ní abúlé? Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, àmọ́ aláìsàn kò sí nínú ìjà náà.

Èmi gbà pé aláìsàn gan-an ló yẹ ká fi ṣe olùṣọ́. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, lédè tó gbọ́: oògùn báyìí, iye báyìí, lórúkọ rẹ, lónìí. Ìyá tó ra Amoxicillin ọmọ rẹ̀ níta lówó ara rẹ̀ yóò rí i bí ilé ìwòsàn bá kọ ọ́ pé àwọn ló fún un, yóò sì mọ ohun tó máa bi wọ́n.