Àlejò dín kù, ọjà oníṣẹ́ ọwọ́ dẹnu kọlẹ̀ l'Ẹdẹ àti Òṣogbo

Ẹni tó bá gbéra láti Alajue n'Ẹdẹ kò ní í rìn jìnnà kó tó dé Òṣogbo, níbi tí àwọn aláró, agbẹ́gilére àti ayàwòrán wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àlejò ti ń ra ọjà wọn, tí owó sì ń dé ọwọ́ wọn tààrà láìsí alágbàtà.

Ẹdẹ ní ọwọ́ nínú ìbẹ̀rẹ̀ òwò náà. Lẹ́yìn tí Susanne Wenger, ìyẹn Àdùnní Olórìṣà, àti Ulli Beier, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, wọ́n gbé l'Ẹdẹ kí wọ́n tó lọ sí Ìlobù àti Òṣogbo. Lọ́dún 2005, àjọ UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun sára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Èrò ń wọ́ wá sí ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá dí ọ̀nà àlejò ló ń dí òwò yìí. Nígbà àrùn kòrónà lọ́dún 2020, Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú mọ́ èrò òkèèrè láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹsàn-án. Oṣù kẹjọ bọ́ sáàárín. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé lójú pópó náà ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sílé.

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ, wọ́n á sá a, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n tó họ ẹ̀kọ náà kúrò. Owó aṣọ àti aró ti jáde kí oníbàárà tó yọjú. Bí aṣọ kò bá tà, owó há nìyẹn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 2023, ohun èlò tó ń ti òkè òkun bọ̀ tún gbówó lórí. Àdìrẹ ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà sì wà lọ́jà ní ẹ̀dínwó.

Ọmọṣẹ́ tí kò rí jẹ yóò gba ìdí ọ̀kadà lọ. Ọgá tí kò ní ọmọṣẹ́ yóò gbé ìmọ̀ rẹ̀ wọ sàréè.

Àmọ́ ayẹyẹ kì í tán nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ ẹbí lè lọ bá aláró ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó san àsansílẹ̀, nítorí òun ni yóò fi ra aṣọ funfun. Kó tún wo ọnà náà dáadáa: ti ẹ̀rọ máa ń dọ́gba délẹ̀, ti ọwọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀.