Ẹ̀kọ́ Tí Kì Í Ṣe ti Okòwò àti Ìpalẹ̀mọ́ fún Oyè MBA

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní i lọ́kàn láti gba oyè MBA, èyí tí í ṣe oyè ìjìnlẹ̀ kejì nínú ìṣàkóso okòwò, ni ó rò pé dandan ni kí àwọn kọ́kọ́ ka ẹ̀kọ́ okòwò. Èrò yìí ti mú kí àwọn mìíràn pa Yorùbá tàbí ìtàn tì, kí wọ́n sì lọ máa fi ipá ka ohun tí ọkàn wọn kò fẹ́. Àdánù gbáà ni, nítorí àṣìṣe ni èrò náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ oyè náà fi èyí hàn. Ní ọdún 1900 ni Dartmouth College ní Amẹ́ríkà dá ilé-ẹ̀kọ́ Tuck sílẹ̀. Àwọn tí ó ti lo ọdún mẹ́ta lórí ẹ̀kọ́ gbogboògbò ni wọ́n ń gbà síbẹ̀ fún ọdún méjì. Harvard bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1908, òun ni ó sì kọ́kọ́ pe oyè náà ní MBA. Títí di òní, Harvard kò dárúkọ ẹ̀kọ́ kan pàtó tí ẹni tí ń wá àyè gbọ́dọ̀ ti kà. Bákan náà ni Lagos Business School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, ń gba ẹni tí ó gboyè nínú ẹ̀ka yòówù.

Ìṣirò ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ìdánwò GMAT, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń lò, ti di abala mẹ́ta láti ọdún 2024: ìṣirò, òye ọ̀rọ̀ kíkà, àti ìtúmọ̀ dátà. Ìṣẹ́jú 45 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́rin tú ewì palẹ̀, tí ó mọ ibi tí àríyànjiyàn ti mẹ́hẹ, kò ní bẹ̀rù abala kejì, bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá já gaara. Abala méjì yòókù ni yóò dà á láàmú bí kò bá ti fọwọ́ kan ìṣirò láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ọdún kejì ni ó ti yẹ kí ó fi ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, sítátísíìkì tàbí ìṣirò owó kún iṣẹ́ rẹ̀, bí yunifásítì bá fàyè gbà á. Ọ̀kan tàbí méjì tó. Kò gbọ́dọ̀ torí èyí jẹ́ kí máàkì rẹ̀ nínú Yorùbá já wálẹ̀, nítorí máàkì náà ni wọn yóò kọ́kọ́ wò.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè kírẹ́díìtì nínú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ti ìṣirò níláti tún ìdánwò náà ṣe kí ọjọ́ tó lọ. Ìwé ẹ̀rí NCE nìkan kò sì tó. Oyè àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Ó ku ìrírí iṣẹ́. Kódà nínú ètò 2+2 ti Harvard, tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá lè gbàyè sí, ẹni náà yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán kí ó tó wọlé. Iṣẹ́ olùkọ́ wà lára ohun tí a lè fi hàn. (Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ ń ṣàkóso owó ju ọ̀pọ̀ akọ̀wé báǹkì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ka èyí sí nǹkan.) Kí ó kọ iye owó tí ó bójú tó àti àyípadà tí ó mú wá sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí ó má dúró di ọjọ́ tí yóò gba fọ́ọ̀mù.