Àríyànjiyàn lórí ìlò ọ̀rọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Nàìjíríà

Àríyànjiyàn lórí ìlò ọ̀rọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ awuyewuye tó ti pẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, olùkọ́, olùdánwò àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìbéèrè náà ni pé ṣé àṣìṣe ni ọ̀nà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń gbà lo àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tàbí ẹ̀ka-èdè tó dá dúró ni. Méjì nínú àwọn tó kọ iṣẹ́ tó lórúkọ jù lórí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí wọ́n bí ní Odopotu ní ọdún 1932, àti Ayọ̀ Bánjọ ará Ìjẹ̀bú-Igbó, gíwá Yunifásítì Ìbàdàn nígbà kan rí, tó kú ní ọdún 2024.

Òdiwọ̀n

Ní ọdún 1971, Bánjọ pín Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ ti Nàìjíríà sí ìpele mẹ́rin. Ìpele kìíní kún fún àmì èdè abínibí. Ìkẹrin kò yàtọ̀ sí ti ìlú Ọba. Ìkẹta ló yàn ní òdiwọ̀n, nítorí pé ó yé àwọn àjèjì, kò sì dún bí ti ẹni tó ń ṣe fáàrí létí àwọn ará ilé.

Bámgbóṣé, nínú àpilẹ̀kọ ọdún 1998, béèrè ohun márùn-ún nípa ìlò tuntun: iye àwọn tó ń lò ó, bó ti tàn kálẹ̀ tó, irú ẹni tó fọwọ́ sí i, bóyá ó ti wọ ìwé atúmọ̀-èdè tàbí ìwé gírámà, àti bóyá àwọn ènìyàn tẹ́wọ́ gbà á. Ó ní ìkẹrin àti ìkarùn-ún ló ṣe kókó jù.

Ọjà àti ọ́fíìsì

Ní ọjà Ìjẹ̀bú-Òde, bí ti àwọn ọjà yòókù nílẹ̀ Yorùbá, òǹrajà àti òǹtajà jọ ń pe ara wọn ní "kọ́sítọ́mà". Nílùú Ọba, òǹrajà nìkan ni wọ́n ń pè ní "customer". Àlàyé rẹ̀ kò jìnnà: àjọṣe ẹni méjì ni "oníbàárà mi" ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹni tó ń sanwó nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni "tòkunbọ̀", orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, ṣe di orúkọ ọkọ̀ àlòkù.

Nínú lẹ́tà ọ́fíìsì, "kindly revert" túmọ̀ sí pé kí ènìyàn fèsì. Àwọn ará Íńdíà àti Singapore náà ń lò ó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀sùn náà kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan.

"Severally" le ju ìwọ̀nyí lọ. Ní Nàìjíríà, ó túmọ̀ sí "lọ́pọ̀ ìgbà". Nínú ìwé àdéhùn, "jointly and severally" túmọ̀ sí pé ayánilówó lè gba gbogbo gbèsè náà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó jọ ṣe onídùúró. Ẹni tó bá fi ìtumọ̀ ilé ka ọ̀rọ̀ yìí kó tó buwọ́ lu ìwé lè pàdánù ilé rẹ̀.

Ìwé atúmọ̀-èdè àti ìdánwò

Herbert Igboanusi tẹ ìwé atúmọ̀ ìlò Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 2002, ṣùgbọ́n ariwo kò pọ̀ lórí rẹ̀ tó èyí tó sọ ní oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí Oxford English Dictionary gba ọ̀rọ̀ Nàìjíríà 29 wọlé. Lára wọn ni "okada", "danfo", "tokunbo", "rub minds", "severally", àti "put to bed" tó túmọ̀ sí pé obìnrin bímọ. "Next tomorrow", tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1953, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yorùbá ní "ọ̀túnla". Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà ní "overmorrow" kí ó tó sọ ọ́ nù.

Ìwé náà ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sọ pé kí olùdánwò gbà á. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, máàkì wà fún kókó ọ̀rọ̀, ètò, ìlò èdè àti àìṣàṣìṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "next tomorrow" ṣì lè pàdánù máàkì, ẹni tí kò bá sì yege nínú Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà rí yunifásítì wọ̀. Olùkọ́ tó jáde ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ní láti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ ìwé Oxford, kó sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.