Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi drone ṣeré, ẹ má sá fún àwọn tó ń ṣòfin

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, bí drone yín bá wúwo tó 100 gíráàmù, ẹ gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbé e sókè níta ní UK. Tó bá ní kámẹ́rà, ẹni tó ni ín ní láti forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀, orí 250 gíráàmù ni ìdánwò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Drone kéékèèké tí wọ́n dìídì ṣe ní 249 gíráàmù, èyí tá à ń gbé lọ sóde ìgbéyàwó láti ya aṣọ ẹbí látòkè, ti wọ inú òfin nìyẹn.

Láàárín wa, àwọn kan fẹ́ ká rọra máa ṣe é ní kọ̀rọ̀, kí ìjọba má mọ̀ wá. Ìdí wà fún un. Ọmọ dúdú tó dá dúró nínú páàkì pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́ mọ irú ojú tí wọ́n máa fi wò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ààbò ní kọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n ní àwọn rí drone ní pápákọ̀ òfurufú Gatwick ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, nǹkan bíi 1,000 bàálù ni kò lè fò tàbí tí wọ́n darí gba ibòmíì. Ọlọ́pàá mú tọkọtaya kan tó ń gbé nítòsí, torí wọ́n mọ ọkọ sí ẹni tó fẹ́ràn bàálù ìṣeré. Wọn ò mọwọ́mẹsẹ̀. Wọ́n dá wọn sílẹ̀, ọlọ́pàá sì san £200,000 fún wọn lẹ́yìn náà. Tí kò bá sẹ́ni tó ń sọ fún ìjọba bí eré yìí ṣe rí gan-an, ẹ̀rù ló máa kọ òfin.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, CAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú, dá a lábàá pé kí ẹni tó ní drone tàbí bàálù ìṣeré máa san £16.50 lọ́dún. Wọ́n béèrè èrò aráàlú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì fèsì. Nígbà tí òfin máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, owó ti di £9. Àwọn ẹgbẹ́ bàálù ìṣeré tiẹ̀ rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. BMFA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1922, ti ń bá àjọ náà sọ̀rọ̀ tipẹ́, wọ́n sì ní ìdánwò tiwọn. CAA gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ lo ìdánwò yẹn. Ó tún gbà kí bàálù ìṣeré wọn tí kò tó kílò 7.5 kọjá mítà 120, níbi tí ẹlòmíì gbọ́dọ̀ dúró sí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ló tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́: wọ́n ṣì ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n ṣì ń sanwó.

Àwa ńkọ́? Láti 2023 ni CAA ti ń béèrè èrò lórí àtúnṣe òfin drone. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Wọ́n fá tiwa tán, torí àwa tá a lorí ò yọjú.

Ẹgbẹ́ kan wà fáwọn tó ń fi drone ṣeré, FPV UK, tóun náà gbàṣẹ lọ́wọ́ CAA. Ẹ lè wọ ibẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dá tiyín sílẹ̀. Tí CAA bá tún béèrè èrò lórí ìkànnì rẹ̀, ẹ ò nílò lọ́yà láti fèsì: ẹ kọ bí drone yín ṣe wúwo tó, ibi tẹ́ ẹ ti ń lò ó, àti ohun tí òfin náà máa ná yín.

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé e lọ sílé fún Detty December, ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, ló ń fúnni níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà. Ẹ kọ̀wé sí wọn kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, kì í ṣe ìgbà tí àwọn aṣọ́bodè bá ti ń tú báàgì yín n'Íkẹjà.