Kí Ló Dé Tí Ìbọn Ìléwọ́ Fi Ń Di Oníke?

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, mo ń ti ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ bọ̀, mo sì wọ dánfó tó ń lọ sí Òṣòdì. Nígbà tí a dé abẹ́ bíríìjì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró síwájú òṣìṣẹ́ aláàbò kan tó fi ìbọn ìléwọ́ há ìbàdí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo ìbọn yẹn! Ike lásán, bí èyí tí à ń rà fún ọmọdé lọ́dún." Mo ní, "Ọmọ mi, ike ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìbọn ìṣeré o." Kí n tó ṣàlàyé, ó ti bọ́ sílẹ̀. Àlàyé tí mo fẹ́ ṣe fún un nìyí.

Ìbọn ìléwọ́ òde òní ní apá mẹ́ta tó yẹ ká mọ̀. Àkọ́kọ́ ni ara rẹ̀, tí ọwọ́ ń dì mú, tó sì gbé ìyókù ró. Èkejì ni ìdérí òkè tó máa ń sún sẹ́yìn bí ìbọn bá dún. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde. Ara yẹn ló ń di ike. Irin gidi ṣì ni ìdérí àti ọ̀pá, torí àwọn ni iná àti agbára ẹ̀tù ń kọlù.

Tẹ́lẹ̀, irin ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo Browning Hi-Power, tí ilé-iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde lọ́dún 1935. Ilé-iṣẹ́ DICON ní Kàdúná, tí ìjọba wa dá sílẹ̀ ní 1964, náà ṣe irú rẹ̀. Ó ń lọ sí kílò kan, ọta 13 ló sì ń gbà. Ní 1970, Heckler & Koch ti Jámánì gbé VP70 oníke jáde, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀. Ọdún 1982 ni ọ̀rọ̀ yí padà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọ́síríà gba Glock 17. Gaston Glock tó ṣe é kì í tilẹ̀ ṣe oníṣẹ́ ìbọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá kọ́tìnì àti ọ̀bẹ wà lára ohun tó ń ṣe. Ìbọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 700 gíráàmù lọ láìsí ọta, síbẹ̀ ọta 17 ló ń gbà.

Kí ló wá fà á? Owó ló ṣáájú. Bí a bá fẹ́ gbẹ́ ara ìbọn látinú irin, ẹ̀rọ á gé e, á lu ú, á dán an, ní ìpele-ìpele. Ti ike kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fún un sínú mọ́ọ̀dù, kò sì ní pẹ́ rárá tí yóò fi jáde, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣáà rántí bí bọ́kẹ́ẹ̀tì ike ṣe lé garawa onípáànù kúrò nílé wa. Ẹni tó bá ń gbé ìbọn káàkiri látàárọ̀ dalẹ́ náà á mọ̀ pé ó fúyẹ́. Ìpẹtà ńkọ́? Òógùn ara àti afẹ́fẹ́ òkun Èkó máa ń jẹ irin, wọn ò rí ike gbé ṣe. Ike tún máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ìbọn bá dún, ìyẹn á sì dín bó ṣe ń ta ọwọ́ kù. Náílọ̀n líle ni ike ti Glock, wọ́n sì ri irin mọ́ inú rẹ̀ níbi tí ìdérí ti ń sún.

Ní 2013, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi Glock rọ́pò Browning. Ní 2017, ti Amẹ́ríkà náà yan SIG P320 rọ́pò Beretta M9 tí ara rẹ̀ jẹ́ aluminium. Síbẹ̀, irin kò tíì kógbá sílé: àwọn tó ń fi ìbọn díje ṣì fẹ́ràn rẹ̀, torí ìwúwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọwọ́ tètè fò sókè.

Àwọn kan gbà pé ìbọn oníke lè gba pápákọ̀ òfuurufú kọjá kí ẹ̀rọ má rí i. Fíìmù Die Hard 2 ti 1990 wà lára ohun tó tan ọ̀rọ̀ yẹn kálẹ̀. Irọ́ ni. Irin ló kó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo Glock, ọta inú rẹ̀ náà kì í sì í ṣe ike.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹ̀rín ọmọ yẹn. Ìbọn gidi ti jọ ti ìṣeré báyìí, ti ìṣeré náà sì ti jọ ti gidi. Ní abẹ́ bíríìjì Òṣòdì, lálẹ́, ta ló fẹ́ fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbé ti ìṣeré jáde sí títì. Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin inú dánfó, tí o bá tún rí irú ìbọn yẹn, má fi í rẹ́rìn-ín mọ́.