Ọmọ Tí Mo Fìyà Jẹ Lórí Ìdáhùn Tó Tọ̀nà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo wa, ẹ̀bi ara mi ni n óò sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níhìn-ín ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo gba ìwé-ẹ̀rí kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, mo rò pé kò sí ohun tí ó kù tí n kò mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi a máa mọ́ tónítóní, n óò fi rúlà fa ìlà pupa sí i, ọ̀gá wa a sì máa fi í han àwọn tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ní ọjọ́ kan, Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ wọn: bí omi ṣe ń gbẹ tí ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo kọ "evaporation" gàdàgbà sójú pátákó, mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń kà á tẹ̀lé mi bí ẹni ń kọrin. Orí mi wú. Nígbà tí ó yá, mo ní kí ẹnìkan fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìdí tí aṣọ tí ìyá rẹ̀ sá sórí okùn fi ń gbẹ. Kẹ́kẹ́ pa. Àwọn tí wọ́n ti ń pariwo láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn, ọmọ tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ó ní: "Oòrùn ló ń fa omi inú rẹ̀ lọ, sà. Bí atẹ́gùn bá tún wá ń fẹ́, á yára gbẹ."

Ẹ gbọ́ o! Ìdáhùn yẹn pé ju ohun tí mo kọ sójú pátákó lọ, nítorí èmi kò tilẹ̀ dárúkọ atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n òfin wa nígbà náà ni pé ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì yóò kúnlẹ̀, a ó sì fi pátákó kékeré kan kọ́ ọ lọ́rùn. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ni mo yọ pátákó náà lára ìṣó, tí mo gbé e kọ́ ọmọ náà lọ́rùn.

Láti ọjọ́ náà, kò la ẹnu mọ́. Bí mo bá pè é, á dìde, á máa wo ilẹ̀. Ní ìparí sáà, ipò kejìdínlógójì ni ó wà nínú ọmọ mọ́kànlélógójì. Ìyá rẹ̀, tí ń ta ẹ̀wà lẹ́bàá ọ̀nà, wá bá mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ó jọ pé orí ọmọ yìí kò gba ìwé. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ sọ̀rọ̀, kí ó lọ máa kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ọdún bá parí." Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ dákun, ẹ fún mi ní sáà kan péré sí i."

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti kọ́ mi. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, a ka iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ẹ̀kọ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tíṣà tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta, kí a tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn fún mẹ́ta yòókù. Àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ti àkọ́kọ́ yóò wọ́lẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Mo kọ gbogbo èyí sínú ìdánwò, mo gba máàkì, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Ìjọba pàápàá ti sọ ọ́ síhìn-ín sọ ọ́ sọ́hùn-ún. Ní 2022 wọ́n ní èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi kì í ṣe olóṣèlú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ mi yóò fi ṣe ìdánwò, kò sì yẹ kí n sọ wọ́n di odi kí n tó kọ́ wọn ní i.

Mo wá ń kọ ètò ẹ̀kọ́ mi lọ́nà mìíràn. Tẹ́lẹ̀, ohun tí n óò kọ́ wọn nìkan ni mo máa ń kọ sókè. Nísinsìnyí mo ń kọ ohun méjì: ìmọ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n ní, àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò nílò láti fi sọ ọ́. Nígbà tí mo padà sórí ẹ̀kọ́ omi gbígbẹ yẹn, ọ̀rọ̀ kéékèèké ni mo yàn: "wet", "dry", "sun", "wind". Mo kọ gbólóhùn tí kò tíì parí sójú pátákó: "The cloth is dry because…" Mo rẹ áńkáṣíìfù méjì sínú omi, mo sá ọ̀kan síta, mo ká èkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí a tú wọn wò, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì parí gbólóhùn náà. Ọ̀rọ̀ ńlá yẹn ló kẹ́yìn, bí ìgbà tí a bá ń sọ ọmọ tí a ti bí lórúkọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Tíṣà tí ó bá ń sọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń tú u sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀, ń fi àárọ̀ ṣòfò ni. Àwọn ọmọ gbọ́n; Yorùbá rẹ̀ ni wọn yóò máa dúró dè.

Mo tún ń kọ ibi tí Yorùbá yóò ti fà wọ́n lẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi. "Ó" tiwa kò ya ọkùnrin kúrò lára obìnrin, nítorí náà ọmọ á ní, "My mother, he go to market." Àwa a máa gbọ́ òórùn, nítorí náà ọmọ á ní òun "hear" òórùn ọbẹ̀. A kò ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "chair", ni ó fi di "share" lẹ́nu wọn. Èyí kì í ṣe ti olódo. N kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, n óò dá a lóhùn pé, "Oh, she went to the market?" òun náà á sì tún un sọ. Bí mo bá sì béèrè ọ̀rọ̀, mo ń ka ení dé ẹ̀wá nínú kí n tó pe ẹlòmíràn. Ìyẹn nira fún mi ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ẹnu a máa yún tíṣà.

Ọ̀gá wa kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì ní ọjọ́ kan. Kò sọ nǹkan kan nígbà tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, pátákó ọrùn yẹn kò sí lára ìṣó mọ́.

Ọmọbìnrin mi ńkọ́? Ní ọjọ́ áńkáṣíìfù, mo gbọ́ ọ tí ó ń tò ó fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá bí ìyá àgbà. Mo rọra súnmọ́ ọn, mo tọ́ka sí pátákó. Ó wo ìṣó tó ṣófo lára ògiri, ó wò mí, ó ní: "The cloth is dry because the sun carry the water." Mo ní, "Yes, the sun carried the water away." Ó tún un sọ, ó jókòó, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ó gba ipò kọkàndínlógún ní sáà náà. Kì í ṣe kìíní o, n kò ní purọ́ fún yín. Ìyá rẹ̀ gbé abọ́ ẹ̀wà kan wá fún mi, ó ní iṣẹ́ aṣọ rírán lè dúró di ìgbà ọlidé. Ó ti ń lọ kí ó tó yíjú padà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń pè ní ìfapọréṣọ̀n? Ọmọ yìí kò jẹ́ kí n sá aṣọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀ mọ́."