Kápútẹ́nì tó gbé ọkọ́: bí oko kòkó Ijon ṣe bẹ̀rẹ̀

A dúró ra ọsàn ní Fìdítì lọ́jọ́ kan ni àbúrò mi bi mí pé, ṣebí àwọn òyìnbó ní oko àjàrà tí bàbá ńlá wọn tó ti ìlú mìíràn wá dá sílẹ̀, tí orúkọ ẹ̀ ṣì wà lára ìgò wáìnì. Tiwa ńkọ́? Mo ní tiwa wà, àmọ́ kòkó ni.

James Pinson Labulo Davies lorúkọ ọkùnrin náà. Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1828. Ọkọ̀ ogun òyìnbó ló gba àwọn òbí ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ará Abẹ́òkúta ni bàbá, ìyá sì jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀nà Fìdítì àti Ìlọrà yìí lọ gan-an.

Kápútẹ́nì ọkọ̀ ojú omi ni. Ó kó wá sí Èkó ní 1856, ó ń ṣòwò, ó lówó. Ní 1862 ó fẹ́ Sarah Forbes Bonetta, ìyẹn Àìná, tí ogun Dàhòmì kó lẹ́rú ní kékeré, tí Ọbabìnrin Victoria wá di alágbàtọ́ ẹ̀.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1870, òwò dàrú, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ wá gbé ọkọ́. Ó rí irúgbìn kòkó gbà ní 1879 àti 1880, lára ọkọ̀ Brazil kan àti láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn ín sí Ijon, lápá Àgége.

Ní 1880 yẹn náà ni ikọ́ ife pa Àìná ní Madeira, erékùṣù tí wáìnì ẹ̀ lókìkí. Ọkọ ẹ̀ ri òpó òkúta gíga kan mọ́ oko Ijon ní ìrántí ẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń dùn mí jù. Gbèsè, òfò ìyàwó, ó tún wá ń gbin igi tó máa ń tó ọdún mẹ́rin, márùn-ún kó tó so!

Àwọn míì bí i Jacob Kẹ́hìndé Coker náà dáko kòkó sí Àgége. Àwọn lébìrà tó ti òkè wá ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín níbẹ̀, tí wọ́n sì ń di irúgbìn dání relé. Ọ̀nà kan tó gbà tàn káàkiri nìyẹn. Davies kú ní 1906. Nígbà tí wọ́n fi máa parí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ó ti di 1965.

“Orúkọ ẹ̀ wà lára ṣokoléètì kankan?”

Mo ní èmi ò tíì rí i. Ó sanwó ọsàn, a wọkọ̀.